Nígbà tí pẹ́ńtì funfun bá ń pọ́n: bí a ṣe ń fi ohun àlòkù ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní Àbújá

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá méjì àti pálọ̀ la gbà ní Kúbwà. Nígbà tí ìyá ọkọ mi ń kó kúrò nílé wọn n'Ílọrin, wọ́n di ẹrù fún wa: tábìlì onídígí ìwojú kan, kọ́bọ́ọ̀dù gígùn onídúrọ́ọ̀ kan, àga onígi mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì onírin kan àti àpótí léèsì méjì. Mo fẹ́ ṣe ilé náà bí èyí tí wọ́n ń pè ní shabby chic, ìyẹn kí a fi ohun àlòkù tí a kùn ní funfun, tó dà bíi pé ó ti gbó, ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, torí mo rí i nínú àwòrán, ó sì wù mí gan-an. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà (₦200,000) ni mo ní lọ́wọ́. Káfíńtà àdúgbò ti kun àga kan funfun fún mi, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, èékánná lásán sì ń ṣí i. Kí ló fà á? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn èèyàn ò ní máa rò pé a ò rówó ra tuntun ni?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé tuntun, Olúwa á jẹ́ kó tura. Ẹ má sọ àga yẹn nù, ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà tún da pẹ́ńtì lé e. Ohun tó ṣe é kò sí nínú pẹ́ńtì, abẹ́ pẹ́ńtì ló wà. Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, torí ilé tó bá rẹwà pẹ̀lú ohun àlòkù, iṣẹ́ tí ojú kì í rí ló gbé e ró: fífọ̀, títún ẹsẹ̀ tó ń mì ṣe, pípa kòkòrò, dídí ojú igi, fífọ aṣọ kí a tó gé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná gbogbo owó sórí pẹ́ńtì àti ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tún un ṣe kí ọdún tó yí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tó kẹ́yìn ṣáájú, torí òun ló ń kó ìtìjú bá èèyàn. Rachel Ashwell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ orúkọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Shabby Chic sí Santa Monica ní California lọ́dún 1989. Tábìlì àlòkù tó ti họ létí, àga tí wọ́n rán aṣọ funfun bò, aṣọ olódòdó tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ohun tó ń tà nìyẹn, àwọn olówó ló sì ń rà á. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ṣebí a máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà lẹ jogún yẹn, ẹni tó lówó jù yín lọ kò lè rí i rà bó ṣe wà. Ohun tí àlejò fi ń mọ̀ bóyá òṣì ni tàbí ọ̀ṣọ́ kò ju mẹ́ta lọ: ṣé ó mọ́, ṣé ó dúró ṣinṣin, ṣé aṣọ rẹ̀ ti di lílọ̀. Tábìlì tí pẹ́ńtì rẹ̀ họ létí, tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde, tí kò sí eruku lórí rẹ̀, ẹni tó bá wọlé á mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, kò sí pẹ́ńtì tó lè bo òṣì ara rẹ̀.

Ó kan àga tó ń pọ́n. Igi tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò ilé láyé àtijọ́, bíi mahogany, mansonia àti ìrókò, ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú. Lórí ìyẹn, àwọn tó ń ṣe pólíìṣì máa ń po àwọ̀ oníyẹ̀fun pupa mọ́ sípírítì kí igi lè dán. Bí emulsion, ìyẹn pẹ́ńtì olómi, bá dé orí irú igi bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ á rẹ àwọ̀ náà, á sì fà á gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kejì àti ọwọ́ kẹta kò fi lè bò ó: omi tuntun lẹ tún ń bù lé e. Ní ti ṣíṣí tó ń ṣí, pólíìṣì àtijọ́ ń dán bí àwo, epo ọwọ́ àti ìpara ọ̀pọ̀ ọdún sì ti gbé orí rẹ̀. Pẹ́ńtì kò rí ibi dì mú.

Ẹ kọ́kọ́ dán igi yín wò. Ẹ rẹ aṣọ funfun kan sínú omi, ẹ fi nu ẹ̀yìn tábìlì níbi tí ojú kò tó. Ẹ rẹ òmíràn sínú methylated spirit, ẹ fi nu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Bí aṣọ olómi bá pọ́n, àwọ̀ tí omi pẹ́ńtì ń fà gòkè nìyẹn. Bí aṣọ onísípírítì bá pọ́n, a jẹ́ pé sílà tí àwọn káfíńtà fi ń dí ojú igi, tàbí shellac, ìyẹn pólíìṣì tí wọ́n fi sípírítì pò, kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan igi náà, torí ohun olómi inú wọn á tún tú àwọ̀ náà ká ni. Ọ́ńdákóòtù olóyìílì, ìyẹn pẹ́ńtì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì tàbí turpentine fọ bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ló bá a mu. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí mẹ́rìnlélógún wà láàárín. Fún ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, òun ni mo máa sọ pé kó lò fún gbogbo igi, bóyá aṣọ pọ́n tàbí kò pọ́n. Kì í ná yín jù, kò sì sí ìsọ̀ pẹ́ńtì tí ẹ ò ti ní rí i. Kí ẹ tó kun gbogbo rẹ̀, ẹ kun ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi emulsion díẹ̀ lé e nígbà tó bá gbẹ, kí ẹ sùn. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ láàárọ̀ ni gbogbo tábìlì máa jẹ́. Bó bá ṣì pọ́n, ó ku ọwọ́ ọ́ńdákóòtù kan.

Àga tí káfíńtà ti kùn náà ṣe é gbà là. Ẹ fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń lẹ pọ́tì ha gbogbo ibi tó ń ṣí títí ẹ ó fi dé ibi tó dì mú dáadáa, ẹ fi sáńpépà mú etí ibẹ̀ tẹ́jú kí ọwọ́ má máa kọ́ ọ, kí ẹ wá bá àwọn tó kù fọ̀ ọ́ pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí agolo kankan, ẹ pinnu ohun tí ẹ ò ní kùn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pẹ́ńtì rọrùn láti kùn, yíyọ rẹ̀ kúrò nínú ihò iṣẹ́ ọnà ló ṣòro. Bí kọ́bọ́ọ̀dù gígùn yẹn bá jẹ́ ìrókò tàbí mahogany gidi, tí ojú rẹ̀ ṣì dára, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ìda pa á lára. Bí àpótí ìjókòó Bídà tàbí àwo idẹ bá wà nínú ẹrù náà, ẹ má tilẹ̀ gbé bùrọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Funfun nílò igi dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ funfun á dà bíi wọ́ọ̀dù ọsibítù, pàápàá lábẹ́ gílóòbù tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò nísinsìnyí, mo máa padà sórí ìyẹn. Èrò mi ni pé tábìlì onídígí àti àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kùn, kí kọ́bọ́ọ̀dù dúró. Bí dígí tábìlì náà bá ti ní àmì dúdú dúdú létí, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń sanwó láti ní irú rẹ̀.

Ẹ dojú ohun gbogbo dé níta lójú oòrùn, kí ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ihò wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ ti dúdú, tí nǹkan kan kò jáde nínú rẹ̀, kòkòrò tó ṣe é ti lọ. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń dà níbẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹ̀fun tuntun á hàn lórí rẹ̀. Ẹ ra oògùn kòkòrò igi, ẹ fi síríńjì ilé ìtajà oògùn fún un sínú ihò kọ̀ọ̀kan níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ fi ọ̀rá wé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Kẹrosíìnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sí i kì í dúró, ó ń fẹ́ lọ ni. Oògùn dúdú tí wọ́n ń kùn sí igi òrùlé kò sì yẹ nínú yàrá tí èèyàn ń sùn sí. Ìjókòó onífóòmù àtijọ́ ní tirẹ̀, ẹ má gbìyànjú àtifọ̀ ọ́. Ìdun lè wà níbi tí aṣọ ti pàdé igi. Ẹ tú aṣọ àti fóòmù dànù, kí ẹ gé fóòmù tuntun tó nípọn ínǹṣì méjì.

Ẹsẹ̀ tó bá ń mì, ẹ fà á yọ, ẹ ha gúlúù àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi gúlúù funfun àwọn káfíńtà tuntun sí i, ẹ fi okùn fún un mọ́ra di ọjọ́ kejì. Gúlúù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ gúlúù àtijọ́. Ìṣó tí wọ́n máa ń gbá mọ́ ọn kì í yanjú rẹ̀, ńṣe ló ń la igi. Níbi tí awẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú tábìlì ti ń dìde, ẹ fi ọ̀bẹ ti gúlúù sábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé e mọ́jú. Ihò ńlá, lẹ́búlẹ́bú igi láti ìdí ayùn tí ẹ pò mọ́ gúlúù kan náà máa dí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà mẹ́rin, ọṣẹ ìfọṣọ síbí kan. Aṣọ tí ẹ fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má da omi lé igi lórí. Ẹ fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀mejì kí ọṣẹ kúrò, kó gbẹ fún ọjọ́ kan. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 pa dídán rẹ̀. Kò dìgbà tí igi ìhòòhò bá yọ, kí ó ṣáà má dán mọ́. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀. Nísinsìnyí ni ọ́ńdákóòtù kàn, ọwọ́ méjì, kí ẹ fi nọ́ńbà 220 ra á fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ìkejì bá gbẹ.

Pẹ́ńtì tó ń fún shabby chic ní ojú rẹ̀ kì í dán, ó dà bí ẹfun. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ṣe é wà ní gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò síìlì. Emulsion tí kì í dán kọ́ọ̀pù mẹ́ta, POP (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe síìlì) kọ́ọ̀pù kan, omi kọ́ọ̀pù kan. Ẹ kọ́kọ́ da POP sínú omi, ẹ rò ó kíákíá títí kóró fi kúrò, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ sínú pẹ́ńtì, kí ẹ tún rò ó. Bí ẹ bá da POP gbígbẹ sínú pẹ́ńtì tààrà, kóró rẹ̀ kò ní tán láé. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò láàárín wákàtí kan sí méjì ni kí ẹ pò, torí ó máa dì nínú ike, bó bá sì ti dì, omi kò lè gbà á là mọ́. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń bu POP. Ẹni tí kò bá fẹ́ kánjú lè fi calcium carbonate tí àwọn tó ń po pẹ́ńtì ń lò rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Ìyẹn kì í dì.

Ní ti àwọ̀, ẹ má lo funfun báláú. Eruku Àbújá pupa ni, lórí funfun báláú ló sì máa ń hàn jù. Ẹ fi àwọ̀ yẹ́lò ọ́ksáìdì kán síbí tíì kan sínú lítà mẹ́rin, kí ẹ fi orí igi ìgbálẹ̀ kan bu àwọ̀ dúdú díẹ̀ sí i, kó lè dà bíi mílíìkì tó ti pẹ́ nínú ife. Ẹ kùn díẹ̀ sórí páálí, kó gbẹ kí ẹ tó dájọ́, nítorí pẹ́ńtì tútù máa ń tàn wá jẹ.

Tábìlì yẹn àti àga mẹ́rin kò lè ju bíi mítà mẹ́wàá níbùú lóròó lọ. Lítà kan máa ń kun bíi mítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, torí náà lítà méjì ọ́ńdákóòtù àti lítà méjì pẹ́ńtì ti tó fún ọwọ́ méjì méjì. Ẹ ra agolo lítà mẹ́rin emulsion, èyí tó bá ṣẹ́kù á wúlò. Sáńpépà nọ́ńbà 120 mẹ́rin, 220 mẹ́ta, bùrọ́ọ̀ṣì ínǹṣì méjì kan àti ínǹṣì kan kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti máa ń rí àṣìṣe jù ni híha pẹ́ńtì kó lè dà bíi pé ó gbó. Wọ́n á ha gbogbo ara rẹ̀ dọ́gba dọ́gba, á wá dà bí ara tí kúrúnà jẹ. Ẹ rò ó wò: ibo ni ọwọ́ èèyàn ń kàn lára dúrọ́ọ̀? Àyíká ibi tí a fi ń fà á àti etí òkè. Ibo ni àga ń họ? Orí ẹ̀yìn rẹ̀ tí a fi ń gbé e, etí iwájú ìjókòó níbi tí itan ń kọjá, igi ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn ibẹ̀ nìkan ni kó họ. Bí ẹ bá pín ara àga sí ọ̀nà mẹ́wàá, híhọ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àbẹ́là: lẹ́yìn ọwọ́ pẹ́ńtì àkọ́kọ́, ẹ fi ìdí àbẹ́là ra àwọn etí yẹn, kí ẹ kun ọwọ́ kejì. Pẹ́ńtì kò lè dì mọ́ àbẹ́là. Tó bá gbẹ, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, ọwọ́ kejì á bó, àwọ̀ ìsàlẹ̀ á sì yọ. Bí ọwọ́ àkọ́kọ́ bá jẹ́ àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ewé rírọ̀, tí ìkejì jẹ́ mílíìkì, ẹ ó rí ẹwà. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kí igi gan-an yọ, sáńpépà 120 ni. Ẹ ṣọ́ra o, ibi tí igi pupa bá yọ ti kúrò lábẹ́ ọ́ńdákóòtù, aṣọ tútù tí ẹ bá fi nù ún lè pọ́n. Ẹ tètè fi ohun ìparí bò ó.

Ohun ìparí, ìda oyin ni fún ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn àga. Ẹ gbé ìda oyin giramu 100 sínú agolo, ẹ gbé agolo sínú omi gbígbóná kó lè yọ́, ẹ gbé e kúrò nítòsí iná pátápátá, kí ẹ tó wá da turpentine mìlílítà 300 sí i. Turpentine tètè ń gbaná, ẹ má ṣe é nínú kíṣìnnì tí gáàsì ń jó. Bó bá tutù, á dà bí ìpara. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ nù ún dán lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ó gbọdọ̀ jẹ́ pé pẹ́ńtì ti gbẹ tó ọjọ́ méjì, torí ibi tí ìda bá ti dé, pẹ́ńtì kò ní dì mú níbẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń dámọ̀ràn òrí tàbí àdí. Ẹ má dán an wò. Àwọn méjèèjì kì í gbẹ, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, gbogbo eruku ọyẹ́ á sì jókòó sórí wọn. Orí tábìlì àti ìjókòó ní tiwọn, fáníìṣì olómi ọwọ́ méjì ni kí ẹ lò, torí ìda máa ń gba àmì ife tíì gbígbóná. Fáníìṣì olóyìílì máa ń sọ funfun di yẹ́lò bí oṣù ṣe ń lọ.

Ẹ má kun ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ àti ibi tó ń gbà wọlé. Bí ẹ bá kùn ún, kò ní wọlé mọ́ nígbà òjò tí igi bá wú. Àbẹ́là ni kí ẹ fi pa ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì onírin nílò ìṣọ́ra tó yàtọ̀. Pẹ́ńtì gloss àtijọ́, ìyẹn pẹ́ńtì olóyìílì tó ń dán, lè ní òjé nínú, òjé yìí sì ni ohun tó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010 nígbà tí eruku ibi ìwakùsà wúrà wọ agbo ilé. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ra á, ẹ má sì jó o. Sáńpépà tó ń gba omi ni kí ẹ lò, kí irin máa wà ní tútù, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, ẹ kó gbogbo ìhá rẹ̀ dì, kí àwọn ọmọ àti aboyún jìnnà síbẹ̀. Ìpẹtà tó bá ń bó, bùrọ́ọ̀ṣì onírin máa gbọ̀n ọ́n kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ ibẹ̀ lómi. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kun pẹ́ńtì pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò sí irin lọ́wọ́ kan, kí gloss àwọ̀ mílíìkì tẹ̀ lé e. Má jẹ́ kí ìpẹtà gidi ṣẹ́kù nítorí ẹwà. Á ba bẹ́ẹ̀dìṣíìtì jẹ́.

Mo ti wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù, ìyẹn aṣọ. Àpótí léèsì méjì yẹn níye lórí ju gbogbo igi lọ fún iṣẹ́ yìí. Léèsì funfun, àwọ̀ ìpara àti píǹkì rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe aṣọ ẹbí nígbà kan lè di ìtẹ́ orí tábìlì, etí kọ́tìnnì, ojú ìrọ̀rí kékeré. Ẹ yẹra fún èyí tó ní òkúta dídán, kò bá ojú ilé yìí mu. Ẹ fa òwú kan yọ kí ẹ fi iná sí i: bó bá jó bíi bébà, tó sì di eérú, òwú gidi ni, bó bá yọ́ tó sì di kóró dúdú, rọ́bà ni. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí òwú gidi nìkan ló ń gba tíì. Bí ẹ bá fẹ́ kí funfun tuntun dà bí èyí tó ti pẹ́, ẹ fi àpò tíì mẹ́fà sínú lítà omi híhó kan, ẹ kó àpò náà kúrò, ẹ rẹ aṣọ tí omi ti bá tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ máa yí i kó má baà ní àmì. Kò le bí aró, fífọ̀ á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Fún kọ́tìnnì àti aṣọ àga, ẹ ra aṣọ òwú funfun gbọrọ, irú èyí tí àwọn aládìírẹ ń rẹ. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ nínú omi gbígbóná kí ẹ tó gbé e fún télọ̀, nítorí òwú máa ń sún kì. Kọ́tìnnì tí wọ́n rán láìfọ̀, tó bá di ìfọṣọ àkọ́kọ́, á gòkè kúrò nílẹ̀ bíi ṣòkòtò ọmọdé tó ti dàgbà. Fèrèsé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́rin nílò aṣọ awẹ́ méjì tó fẹ̀ tó ínǹṣì 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè ṣẹ́po dáadáa. Láti òkè dé ilẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 230, ìṣẹ́tí àti ìsúnkì mọ́ ọn: yáàdì mẹ́ta fún awẹ́ kan, mẹ́fà fún fèrèsé. Ẹ fi irin kọ́tìnnì gbé e kọ́ ṣinṣin, ṣùgbọ́n ẹ má lu ògiri onílé láì bèèrè.

Àdìrẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ni mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò aṣọ olódòdó òkè òkun tí ẹ rí nínú àwòrán. Aró tó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, kò sí ohun tó bá a dọ́gba. Ẹ tilẹ̀ wà lápá òkè tí aró ti ní ìtàn: kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, tí wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1498, ṣì ń ṣiṣẹ́. Àdìrẹ tuntun ń yọ aró. Ẹ máa fọ̀ ọ́ nìkan nínú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kó tó kan funfun. Iyọ̀ àti fínígà kì í mú aró dúró, ẹ má fi wọ́n ṣòfò.

Ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, ẹ má ná púpọ̀ sí i. Àwọn obìnrin Háúsá máa ń to àwo tánńganran olódòdó sí yàrá ìyàwó. Èyí tí etí rẹ̀ ti ha máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn onípàǹtí, ẹ sì lè rà á níbẹ̀. Ẹ má fi jẹun mọ́, ẹ gbin nǹkan sí i. Ìkòkò amọ̀ Súlèjà náà yẹ. Súlèjà ni wọ́n ń pè ní Àbújá kí wọ́n tó kó orúkọ náà fún olú ìlú, ibẹ̀ sì ni Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà, ti ṣiṣẹ́ amọ̀. Ìkòkò amọ̀ tí wọn kò fi ohun dídán bíi dígí bo ara rẹ̀ máa ń sun omi, torí náà ẹ gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ba pẹ́ńtì tuntun jẹ́.

Gílóòbù wá ńkọ́? Ẹ wo ara páálí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí, tó pọ̀ jù lọ́jà, ń tan iná funfun bíi ti ọsibítù. Á sọ àwọ̀ mílíìkì tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí di eérú. 2700K tàbí 3000K ni kí ẹ bèèrè, wọ́n ń pè é ní warm white. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ tó sì ń ṣe nínú pálọ̀ ju ti àwòrán ara ògiri mẹ́wàá lọ.

Nínú ₦200,000 yẹn, bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín in, ₦80,000 fún aṣọ àti télọ̀, ₦60,000 fún pẹ́ńtì, ọ́ńdákóòtù àti gbogbo ohun tó bá a rìn, ₦30,000 fún fóòmù àti àtúnṣe ẹsẹ̀ àga, ₦10,000 fún gílóòbù. ₦20,000 tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ fi máa parí, kí ẹ wá fi ra ohun kan ṣoṣo tí ilé bá fi hàn pé òun nílò. Ọjà Dei-Dei ni fún pákó àti ohun ìkọ́lé, Kugbo fún fóòmù àti àwọn tó ń ṣe àga. Àbújá tún jẹ́ ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń gbé wọn kiri, wọ́n sì ń ta ẹrù kí wọ́n tó lọ. Ẹ máa bi àwọn ọlọ́dẹ ẹsítéètì, wọ́n tètè ń mọ̀.

Ìgbà tí ẹ máa kùn ún náà ṣe pàtàkì. Nígbà ọyẹ́, pẹ́ńtì ń gbẹ kí bùrọ́ọ̀ṣì tó kúrò lórí rẹ̀, ilà rẹ̀ á sì hàn. Ẹ fi omi díẹ̀ kún un, ẹ kùn ún nínú ilé ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má dìde. Nígbà òjò, ẹ sọ àkókò gbígbẹ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fà á kúrò lára ògiri kí èébu má baà hù lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ àga funfun, kí ó jẹ́ èyí tó ṣe é bọ́, kí ẹ rán an ní méjì méjì, kí ọ̀kan wà lórí àga nígbà tí ìkejì bá wà lórí okùn.

Ohun kan ló kù, òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣe. Ẹ pe ìyá ọkọ yín lórí fóònù kí ẹ tó ra sáńpépà kankan. Ẹ bi wọ́n bóyá inú wọn dùn sí kí ẹ kun tábìlì náà, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó wọn nínú àwọn léèsì yẹn fún yín kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ má gé, ẹ ká a, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wà.